Ẹ má da iyọ̀ sí oko tábà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo háyà éékà méjì lọ́nà Funtua, mo fẹ́ gbin tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti fi gbin tábà nínú oko náà. Ọkùnrin kan tó ń ta ajílẹ̀ ní oró tábà ṣì wà nínú ilẹ̀, pé kí n da àpò iyọ̀ méjì sí éékà kan. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹni kẹrin tó bi mí ní èyí láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé nìyí, ó sì ti ń bí mi nínú, torí ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn yìí náà ló ń ta iyọ̀ ọ̀hún.

Nikotíìnì, èròjà inú tábà, ni ọkùnrin yẹn ń pè ní oró. Ewé tábà ló pọ̀ sí, ewé ọ̀hún ni wọ́n sì kó lọ. Ìwọ̀nba tó kù nílẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń fi ṣe oúnjẹ. Bí ilẹ̀ bá ti tutù, kì í pẹ́ tán. Iyọ̀ kò pa á. Ilẹ̀ ni iyọ̀ ń pa. Sódíọ̀mù inú rẹ̀ máa ń tú ìwọ̀nba amọ̀ tó di ilẹ̀ mú, ihò tí omi ń gbà wọlẹ̀ á wá dí. Mo rí irú rẹ̀ lápá Giwa: ojú ilẹ̀ funfun bíi pé wọ́n bu ẹ̀lùbọ́ gbáàgúdá sí i, ó le bí ògiri tí wọ́n rẹ́. A da omi ife kan sí i, a jẹ ẹ̀pà wa tán, omi ṣì wà lókè. Ata tó wà níbẹ̀ ń rọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, torí iyọ̀ kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà.

Wọ̀bìà ni tábà, kì í ṣe olóró. Ó ń fa náítírójìn àti potasíọ̀mù, tí í ṣe oúnjẹ ohun ọ̀gbìn nínú ilẹ̀, gidigidi, ilẹ̀ wa níbí sì jẹ́ oníyanrìn tí kò lọ́ràá. Ajílẹ̀ yùríà tí wọ́n ń dà sí i lọ́dọọdún tún ń mú kí ilẹ̀ kan. pH la fi ń wọn kíkan yẹn (ẹ má tọ́ ọ lá o); bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó. Tòmátì fẹ́ bíi 6 sí 6.8. Bí tiyín bá jẹ́ 5, láìmù, ìyẹn ẹfun tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, lẹ máa dà. Mi ò ní sọ iye rẹ̀ láìrí èsì àyẹ̀wò.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹbí kan náà ni tábà, tòmátì, ata àti ìkàn. Aràn tíntín tó ń jẹ gbòǹgbò tábà, tí a ń pè ní nematode, ń dúró de tòmátì yín. Ẹ hú kùkùté tábà bíi mẹ́wàá níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí gbòǹgbò wọn bá yọ kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ fi tòmátì sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ gbin ẹ̀pà.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu ilẹ̀ níbi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó jìn tó 20 cm, ẹ pò ó nínú ike tó mọ́, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń bu ajílẹ̀. Ẹ gbé ìdajì kílò lọ sí IAR, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Samaru ní Zaria, fún àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ti ra iyọ̀ náà, ẹ lọ dá a padà fún ọkùnrin tó tà á fún yín.