Èsì: Ṣé kẹ́mò ò ní dí àbúrò mi lọ́wọ́ ọmọ bíbí?

Ẹ kú àníyàn o. Ẹ ní wọ́n fẹ́ fi cisplatin, ọ̀kan lára àwọn oògùn kẹ́mò tó ń pa jẹjẹrẹ, tọ́jú jẹjẹrẹ tó mú kóró ẹpọ̀n àbúrò yín, ẹ wá ń bèèrè bóyá á ṣì lè bímọ. Ó ṣeé ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kó lọ fi àtọ̀ pamọ́ sínú yìnyín ní ilé ìwòsàn kó tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pín ni oògùn yìí ń dọdẹ. Bí jẹjẹrẹ ṣe ń pín, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di àtọ̀ ń pín tọ̀sán-tòru. Tí cisplatin bá wọlé, á so DNA, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń dà kọ kó tó pín, mọ́ra bí òwú tó ta kókó, sẹ́ẹ̀lì ò ní rí i dà kọ, á sì kú. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí àtọ̀ ti ń wá bá ṣẹ́kù, àtọ̀ á padà, àmọ́ ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtọ̀ kan ṣoṣo gan-an ń lo bíi ọjọ́ 74 kó tó dàgbà.

Ohun tó ń tan àwọn ọkùnrin jẹ nìyí: sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin, kì í pín bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń yè é. Nǹkan ọmọkùnrin lè máa dìde, kó máa da omi, kí irúgbìn má sí nínú rẹ̀.

Lance Armstrong, eléré kẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, fi àtọ̀ pamọ́ ní 1996 kó tó gba kẹ́mò. Òun ló fi bí ọmọ mẹ́ta. Ní 2009 ó tún bí òmíràn láìfọwọ́ kan èyí tó wà nínú yìnyín.

Kó má gbàgbé kọ́ńdọ̀mù nígbà ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀, títí dọ́kítà á fi ní kó dáwọ́ dúró. Àtọ̀ tí oògùn ti bà jẹ́ ṣì lè sọ obìnrin dolóyún.