Ẹ má tíì lọ Èkó lọ ra pìléyà

Ẹ̀gbọ́n tó ní tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì wọn n'Òmù-Àrán ti fẹ́ túká, pé sáà tó kọjá ńṣe ni wọ́n ń nà wọ́n ṣáá, alága ti gé owó sí ìdajì, àwọn kan wá ń gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n kó ìdajì tó kù yẹn lọ Èkó lọ mú pìléyà olórúkọ méjì wá: ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Mo ti ṣe mánéjà tíìmù kékeré kan n'Ílọrin níbí rí, a ti jẹ gbèsè, a ti sùn nínú bọ́ọ̀sì, a ti yá jẹ́sì wọ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ojú mi ló ṣe.

Alága tiwa náà ṣe é. Ó mú méjì wá láti Èkó, àwọn èèyàn ń bá wọn ya fọ́tò ní Post Office, inú gbogbo wa ń dùn. Owó àwọn méjèèjì ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ. Ọ̀sẹ̀ tí ìdíje máa bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n dé, wọn ò mọ ibi táwọn tiwa máa ń sá sí, àwọn tiwa náà ò mọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ gba bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló pa wá o. Ohun tó pa wá ni pé àwọn ọmọ gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà. Ìlọrin náà ni, kí lèèyàn fẹ́ fi pamọ́? Látọjọ́ yẹn, tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lọ́wọ́ wa, ẹ ó rí i táwọn kan á máa rìn padà, wọn ò ní sáré. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kankan jà, kò sẹ́ni tó yajú sí kóòṣì, wọn ò kàn sáré mọ́. Ìgbà tí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn wá yẹ̀, owó ti tán, a ò lè mú ẹlòmíì.

Orúkọ nìkan ò tó. July 2021 D'Tigers, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin Nàìjíríà, na Amẹ́ríkà 90-87 ní Las Vegas, gbogbo wa pariwo, àwọn ọmọ tó ń gbá ní NBA, líìgì ńlá Amẹ́ríkà yẹn, pọ̀ nínú wọn, wọ́n dé Olympics ní Tokyo, géèmù mẹ́ta ni wọ́n gbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n pàdánù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi owó kékeré yẹn rà ni àkókò táwọn ọmọ yín máa fi wà pa pọ̀ lórí kóòtù. Gbogbo ohun tí mo máa sọ kù, abẹ́ ìyẹn ló wà.

Mo rí ẹni tó ní kẹ́ ẹ ṣe bíi ti NBA, kẹ́ ẹ kúkú máa pàdánù fún ọdún kan méjì, ẹ ó fi kọ́ àwọn ọmọdé. Ah, ọ̀rẹ́ mi, rárá o. Níbẹ̀ yẹn tíìmù tó bá wà nísàlẹ̀ ló máa ń ní àǹfààní jù láti kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Tíìmù Detroit pàdánù 28 léraléra ní sáà 2023-24, 14 péré ni wọ́n borí nínú 82, sáà tó tẹ̀ lé e wọ́n borí 44. Ṣùgbọ́n Cade Cunningham tó ń gbé wọn kiri, torí pé wọ́n burú ni wọ́n fi rí i mú ní ipò kìíní ní 2021. Ta ló fẹ́ fún yín ní Cunningham ní gbogbo Ìgbómìnà? Ẹ pàdánù níbí, alága á sá, àwọn ọmọ á sá, ó tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ NBA, ẹ wo tíìmù Miami. Gabe Vincent tó gbá fún Nàìjíríà ní Tokyo yẹn, kò sí tíìmù kankan tó mú un nínú draft, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń mú àwọn ọ̀dọ́ tuntun yẹn, Miami wá a lọ síbi táwọn èèyàn ò ti wò, ó sì wà lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ géèmù fún wọn nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá 2023.

Ẹ wá wo bí ìdíje tiwa ṣe máa ń rí. Wọ́n á kó ọ̀pọ̀ tíìmù jọ sí ìlú kan, ẹ ó gbá lónìí, ẹ ó gbá lọ́la, bóyá kẹ́ ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún dìde. Ogójì ìṣẹ́jú ni géèmù kan, tọkàntọkàn. Ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n gbá ju gbogbo ayé lọ, tó bá fi máa di géèmù kẹta ẹsẹ̀ wọn á ti wúwo, ẹni tó wà ní bẹ́ǹṣì tí kò gbá bọ́ọ̀lù láti oṣù mélòó kan lẹ wá fẹ́ ju sínú iná. Nítorí náà ọmọ mẹ́wàá tó lè sáré lẹ nílò, kì í ṣe ìràwọ̀ méjì. Èyí ni mo rí pé àwọn tíìmù tó lówó pàápàá kì í rántí.

Níbo lẹ ti máa rí wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Yunifásítì Landmark lẹ́nu ọ̀nà yín! Àwọn ọmọ yunifásítì tó ga tó dúró wà níbẹ̀, Poly Ọ̀fà náà wà nítòsí, ẹ wá sí Tanke n'Ílọrin níbí lọ́jọ́ Sátidé kan ẹ wo àwọn tó ń gbá. Ẹ má sì wo àwọn tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Hakeem Olajuwon tó gba ife NBA fún Houston ní 1994 àti 1995, handball ló ń gbá, ó tún ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì lọ́mọdé rárá. Tẹ́ ẹ bá wá ń dán wọn wò, ẹ má jẹ́ kí dunk, kéèyàn fò kó fọwọ́ ki bọ́ọ̀lù bọ agbọ̀n, kó yín láyà jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá títí ó fi rẹ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ wá máa wo ẹni tó ṣì ń sáré padà wá dí ọ̀nà nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Ẹni yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá ku àwọn nǹkan tí kò náni ní kọ́bọ̀. Mo fẹ́ràn apá yìí, ẹ bá mi fara dà á. Free throw, jíjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń fún yín tí wọ́n bá fáwù yín. Láti ojú ìlà tẹ́ ẹ ti ń jù ú sí pákó ẹ̀yìn agbọ̀n, mítà 4.6, kò sẹ́ni tó ń dí ẹ lọ́nà, kò sẹ́ni tó ń fà ẹ́ láṣọ, àwọn èèyàn sì ń pàdánù ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n di wọ́n lójú. Ẹ lọ gbé ìwé àmì-ayò sáà tó kọjá jáde. Tẹ́ ẹ bá ju 20 tí 10 wọlé, tó bá jẹ́ 15 ló wọlé, pọ́ìǹtì márùn-ún nìyẹn, ẹ wá ka iye géèmù tí wọ́n fi márùn-ún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ nà yín. Ìparí tireni, nígbà tí wọ́n ti ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ni kẹ́ ẹ máa jẹ́ kí wọ́n jù ú, torí bó ṣe máa ń rẹ̀ wọ́n tó nìyẹn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jù ú nínú géèmù. Tí tíìmù kejì bá sì ti fáwù yín mẹ́rin ní ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin géèmù, láti ìkarùn-ún lọ free throw méjì méjì ni, nítorí náà ẹ máa wọnú lọ bá wọn, ẹ yé dúró lókèèrè.

Àbí ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Jíjù olópọ́ìǹtì mẹ́ta láti mítà 6.75, ẹ ju mẹ́wàá, mẹ́ta wọlé, pọ́ìǹtì 9. Layup, èyí téèyàn sáré dé abẹ́ agbọ̀n kó tó jù ú, mẹ́wàá, mẹ́fà wọlé, 12. Bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ yín, òdo, àwọn èèyàn yẹn á sì fi lọ jẹ layup tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti wo Stephen Curry, ará NBA tó ń ti òkèèrè jù ú wọlé, lórí fóònù jù, gbogbo wọn fẹ́ dúró lókèèrè máa jù, lórí kóòtù ìta gbangba nínú ọyẹ́, kí afẹ́fẹ́ máa gbé bọ́ọ̀lù lọ!

Rebound náà, mímú bọ́ọ̀lù tí kò wọlé tó ta padà, ẹni gíga wọ́n, a ò lówó ẹ̀, àmọ́ kí kálukú wá ẹni tó sún mọ́ ọn, kó kọ ẹ̀yìn sí i, kó fi ìdí tì í kúrò lábẹ́ agbọ̀n kó tó gbójú sókè, ìyẹn ò gba gíga. Ìdènà náà ò gba owó. Ní Paris 2024 D'Tigress, tíìmù obìnrin Nàìjíríà, na Australia 75-62, wọ́n na Canada 79-70, wọ́n di tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wà lára àwọn mẹ́jọ tó kù kẹ́yìn ní Olympics. Ẹni tó bá wo àwọn géèmù yẹn á rí i bí wọ́n ṣe ń lé àwọn èèyàn yẹn káàkiri kóòtù, wọn ò jẹ́ kí wọ́n mí.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san. Mi ò ṣàwàdà. Àwọn ọmọ wa kan ń gun ọ̀kadà kí wọ́n tó wá, ọ̀kan ń gẹrun, àwọn kan ti ilé ẹ̀kọ́ wá láìjẹun, ẹ sì fẹ́ kí wọ́n sáré. A bá ìyá kan tó ń tajà nítòsí kóòtù sọ̀rọ̀, àwa la ń ra ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà Mandate, òun ló ń sè é, wàrà la máa ń fi jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà torí ẹran ti di ti olówó. Látìgbà yẹn, ẹni tó ń pa tireni jẹ dín kù gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, owó mọ́tò. Lẹ́yìn ẹ̀, báńdéèjì ọrùn ẹsẹ̀ àti yìnyín, torí kóòtù oníkọnkéré ò ṣàánú orúnkún. Bàtà ọ̀kúrikà dáa, ẹ kàn ṣáà tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bọ́ọ̀lù aláwọ dáadáa, ẹ fi pamọ́ fún géèmù, ti rọ́bà ni kẹ́ ẹ máa fi ṣe tireni níta, kọnkéré á bó aláwọ yẹn kó tó pé oṣù mélòó kan. Ẹ má ra jẹnẹrétọ̀, ẹ máa jí lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Nínú ààwẹ̀ ẹ sún un sí ẹ̀yìn ìrun àṣámù, níbi tí iná bá wà, kó má le, jíjù nìkan.

Owó oṣù ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó kéré, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dá ẹ má yẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá sì wọlé torí pé ẹ borí, ẹ pín in dọ́gba, tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kúrò ní bẹ́ǹṣì. Wallahi, ìyẹn nìkan ló dá ìsáré àwọn ọmọ wa padà. Ẹ má sì jókòó ti ìjọba tàbí olówó kan ṣoṣo. Búrẹ́dì lọ́dọ̀ oníbékìrì, pure water lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é, ẹni tó ní bọ́ọ̀sì kó gbé yín lọ kẹ́ ẹ ra epo, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn jẹ́sì, kẹ́ ẹ sì máa fi ìwé ìnáwó hàn wọ́n lóṣooṣù kí wọ́n tó bèèrè.

Ti kóòṣì tẹ́ ẹ ní àwọn kan fẹ́ lé, èmi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ lọ bá a nílé. Ẹ bi í pé mélòó nínú free throw àwọn ọmọ ẹ̀ ló wọlé sáà tó kọjá, ẹ bi í pé èwo nínú wọn ni kì í jẹun kó tó wá. Tó bá lè dáhùn méjèèjì láìronú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé e. Kẹ́ ẹ wá sọ fún wa ọmọ mélòó ló kù nílẹ̀ báyìí, àti pé lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ kóòtù wà, torí wàhálà kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.