Olùkọ́ tí ìjọ jẹ lówó oṣù wà lórí ìlà ìrẹsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bàbá. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ wẹ́fíà ìjọ wa ní Ìbàdàn. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ńṣe ni àwọn tó ń wá oúnjẹ wá sọ́dọ̀ wa ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù la máa ń pín ìrẹsì àti gàrí. Àwọn àgbà ìjọ kan ní ẹni tí kì í san ìdámẹ́wàá kò gbọdọ̀ gbà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ la ń bọ́. Lóṣù tó kọjá, mo rí olùkọ́ kan ní ilé-ìwé ìjọ wa lórí ìlà. Ó ní oṣù mẹ́ta ni wọn ò tíì sanwó fún òun. Mo fún un ní kóńgò mẹ́rin dípò méjì, àmọ́ n kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Màmá, ọ̀dọ̀ olùkọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé tinútinú lẹ fi bu kóńgò mẹ́rin yẹn fún un. Ṣùgbọ́n a ò lè pè é ní àánú, nítorí gbèsè ló wà nílẹ̀. Ẹni tó jẹ wá lówó, tó wá bu ìrẹsì fún wa, tó sì ń retí kí a kúnlẹ̀ dúpẹ́, gbogbo ọjà Bódìjà ló mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é. Diutarónómì 24 ní kí wọ́n san owó alágbàṣe kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, nítorí tálákà ni, owó ọ̀hún ló sì gbójú lé. Nínú Jákọ́bù 5:4, owó iṣẹ́ tí wọ́n dì mọ́wọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ké, kí igbe àwọn tó ṣiṣẹ́ tó dé etí Olúwa. Tiyín ti ké fún oṣù mẹ́ta nínú àpò ìjọ.

Àwa a máa ya ẹ̀tọ́ sọ́tọ̀, ká ya ọrẹ àánú sọ́tọ̀. Èdè Hébérù kò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n. Tsedaqah, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa túmọ̀ sí òdodo, òun náà ni àwọn Júù wá ń pe ohun tí a bá fún aláìní. Ẹ ka Ámósì. Ìdámẹ́wàá àwọn tó ń bá wí ń wọlé dáadáa o, orí kẹrin sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bí wòlíì náà nínú ni pé wọ́n ń retí kí Sábáàtì tán kí wọ́n lè padà sídìí òṣùwọ̀n tí wọ́n ti gé kù àti ìwọ̀n èké. Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tó lu ìdí kóńgò wọnú mọ ohun tí Ámósì ń wí.

Nítorí náà, ẹ lọ bá olùṣọ́-àgùntàn àti akápò yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ bèèrè iye olùkọ́ tí wọ́n jẹ lówó àti iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí kò dá mi lójú pé ẹnì kan ni. Bí ìjọ kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n pín in sí oṣù mélòó kan, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé rẹ̀. Owó ìkórè tó ń bọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ nà sí i, ṣáájú àga tuntun àti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n lè sọ fún yín pé òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di 70,000 náírà ní 2024, kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí wọ́n má san iye tí àwọn fúnra wọn ṣèlérí.

Ẹnì kan á ní kí ìjọ máa gbàdúrà, kó máa tọrẹ, kó fi ọ̀rọ̀ òfin sílẹ̀ fún olóṣèlú. Ẹ rán an létí ọmọkùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ohun tó gbé ọkọ̀ náà débẹ̀ ni òfin 1807 tó de òwò ẹrú, èyí tí Wilberforce, aṣòfin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn Kristẹni ẹgbẹ́ rẹ̀ fi nǹkan bí ogún ọdún jà fún. Ọmọ yẹn ló di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú Bíbélì Yorùbá tí àwọn àgbà yín ń gbé sábíyá wá sí ìpàdé.

Ó wá ku ìlà ìrẹsì. Ní ti ìdámẹ́wàá: nígbà tí Rúùtù wọ oko Bóásì, ta ló bi í bóyá ó ti san án? Ará Móábù ni, àlejò pátápátá. Léfítíkù 19 ti ní kí olóko má kórè dé igun oko, kó má sì ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ti tálákà àti àlejò ni. Ìyẹn ni pé igun oko yẹn kì í ṣe ohun tí olóko lè fi díye lé ìwà ẹni. Gálátíà 6:10 fi ará ilé ìgbàgbọ́ ṣáájú lóòótọ́, àmọ́ “pàápàá” ló wà níbẹ̀, kì í ṣe “nìkan.” Ní ti ọ̀lẹ, ẹni tí kò *fẹ́* ṣiṣẹ́ ni Pọ́ọ̀lù ní kó má jẹun nínú Tẹsalóníkà Kejì. Ẹni tó wáṣẹ́ tì ńkọ́? Arúgbó ńkọ́? Olùkọ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀, tí ebi ṣì ń pa, ńkọ́?

Kí ẹ mọ ẹni tó yẹ kò ní kí ẹ máa ṣe ọlọ́pàá. Ìwé orúkọ ni kí ẹ ní, bí ìjọ Éfésù ṣe ní ti àwọn opó nínú Tímótì Kìíní orí karùn-ún: opó tó ti pé ọgọ́ta ọdún, tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan tó lè gbọ́ bùkátà rẹ̀. Èmi kò ní kí ẹ gbé ọgọ́ta ọdún lé ẹnikẹ́ni lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ ilé tí kálukú ti wá. Ẹ tún wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń fò dá, orúkọ ọkùnrin méjèèje tí wọ́n sì yàn láti bójú tó o, ti Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ìyà náà ń jẹ ni wọ́n fi abọ́ náà lé lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ yín ńkọ́, Màmá: ó ní ẹnì kan níbẹ̀ tó ti tò sórí ìlà ìrẹsì rí? Bí kò bá sí, ẹ wá méjì kún un kí oṣù yìí tó parí.

Ẹ dẹ́kun kíkó èrò jọ síbì kan. Ní oṣù Kejìlá 2024, ọmọ 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn tiwa níbí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọgbà ìjọ kan ní Àbújá níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ. Ẹ pín orúkọ sí àdúgbò, kí ẹni méjì máa gbé e lọ bá wọn nílé, ní ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀. Fọ́tò kò sí níbẹ̀. Mátíù 6 ti parí ọ̀rọ̀ ìyẹn.

Bí akápò bá wá jókòó láti ṣírò owó olùkọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì í. Kó má yọ kóńgò mẹ́rin kúrò níbẹ̀.