Ìwé ni kòtẹ́milọ́rùn ń kà, kì í wo ojú ẹlẹ́rìí

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ ní ilé ẹjọ́ gíga ti dá ọkùnrin tó fipá bá àbúrò yín lò lẹ́bi, ó ti wá gba kòtẹ́milọ́rùn lọ, lọ́yà rẹ̀ sì ń sọ pé ohun tí àbúrò yín sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá ta ko èyí tó sọ ní kóòtù. Ẹ ń bèèrè bóyá wọ́n máa tú u sílẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ògbufọ̀ kóòtù ni mo ṣe fún ọdún 19. Ẹni tó bá fi Yorùbá jẹ́rìí, èmi ni mò ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì kí adájọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó kéré tán, adájọ́ mẹ́ta ló máa jókòó sí i. Wọn ò ní pe àbúrò yín láti tún jẹ́rìí, wọn ò ní rí i bó ṣe ń fọwọ́ lọ́ etí ìró rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí adájọ́ tó rí i lójúkojú bá ti ní òun gbà á gbọ́, wọn kì í ṣàdédé yí i padà, àfi bí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń kà bá fi hàn pé ìpinnu yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìtakora kọ́ ló ń pa gbogbo ẹjọ́. Mo rí lọ́yà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lórí obìnrin kan: ṣé ìrọ̀lẹ́ ni àbí alẹ́? Obìnrin yẹn ti sọ fún ọlọ́pàá pé "ilẹ̀ ti ń ṣú", ọlọ́pàá kọ alẹ́, ó dé kóòtù ó ní ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó kà á sí, nísàlẹ̀ àti lókè. Èyí tó ń dá iyèméjì sílẹ̀ ni èyí tó kan gbòǹgbò: ṣé ọkùnrin yìí ni, ṣé ó ṣe é, ṣé obìnrin náà gbà fún un? Abala 232 nínú òfin ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 sì ní kí lọ́yà tó fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ta ko ẹlẹ́rìí náà, ó gbọ́dọ̀ tọ́ka ibi tó yàtọ̀ fún un. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ọmọbìnrin kan, bí ọmọ ogún ọdún, ìtìjú ò jẹ́ kó lè gbójú sókè. Ó ní, "Ó fi nǹkan rẹ̀ kàn mí lábẹ́, ó wá ṣe ohun tó fẹ́ ṣe." Gbogbo wa ló yé. Ọmọ Yorùbá ni adájọ́, ọmọ Yorùbá ni lọ́yà ìjọba, kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ó wọlé. Èmi náà tú u bó ṣe sọ ọ́: ó fi kàn án. Wọ́n dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Ó dé kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n ní níbo ni ẹ̀rí wà pé ó wọlé? Lóòótọ́, kò dìgbà tí ìbálé bá já, bó ti wù kó kéré tó, òfin gbà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wọlé. Dókítà kankan ò wá jẹ́rìí. Wọ́n fagi lé ìfipábánilòpọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó kéré sí i. Mo ka ìdájọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tí mo ti lè bá wọn jà. Ohun tí mo gbọ́ létí kò sí nínú ohun tí mo fi ẹnu mi sọ. Ògbufọ̀ ò gbọdọ̀ bù mọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, àmọ́ mo lè sọ fún adájọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ méjì. Mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì retí pé ọkùnrin yẹn ló máa fi hàn pé òun ò ṣe é. Ìjọba ló ru ẹrù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu ló lè gbà á sílẹ̀, kì í ṣe "bóyá ẹlòmíì ló gbé ojú rẹ̀ wọ̀".

Ẹ ò sọ ọjọ́ orí àbúrò yín. Tí kò bá tíì pé ọdún 14 nígbà tó jẹ́rìí, tí kò sì búra, ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ ti tirẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ lọ bá lọ́yà ìjọba ní mínísírì ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ yín, ẹ bèèrè ẹni tó ń dáhùn ẹjọ́ yìí. Ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tí kóòtù fọwọ́ sí. Ibi tí àbúrò yín ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lè má ju ojú ìwé méjì lọ. Ẹ kà á bíi pé ẹ ò mọ̀ ọ́n rí. Tí gbólóhùn kan bá ń kọ yín lóminú níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ má fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.