Ṣé ogbó ni, àbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn? Èsì mi lórí ọ̀rọ̀ bàbá tó ń rù

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, pé láti ìgbà tí màmá ti ṣaláìsí ni wọ́n ti ń rù, tí wọn kì í fẹ́ jáde mọ́, tí ẹsẹ̀ ò sì gbé wọn dáadáa. Dókítà ṣe àyẹ̀wò, ó ní òun ò rí nǹkan kan, ó kọ fítámì. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín ní ogbó ni, àwọn àǹtí ní kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé àdúrà. Ẹ wá ń béèrè bóyá ìbànújẹ́ lè sọ èèyàn di báyìí.

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe màmá mi nìyẹn, èmi ni mo sì wà pẹ̀lú wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Màmá mi ò sọ ọ́ rí pé inú àwọn ò dùn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé orí àwọn ń gbóná, nǹkan kan ń rìn àwọn lára, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu àwọn, ó rẹ àwọn. Bí ẹ bá ń dúró de ìgbà tí àgbàlagbà Yorùbá máa pè yín jókòó kó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń bá òun jà, ẹ máa pẹ́ níbẹ̀. Ara ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Òrùka ìgbéyàwó wọn ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Wọ́n jẹun tán, wọ́n ń fọwọ́, òrùka yọ́ kúrò ní ìka, ó bọ́ sínú omi, wọn ò tiẹ̀ wò ó. Èmi ni mo fọwọ́ wá a jáde. Ìdérí agolo Bournvita, wọn ò lè ṣí i mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga, apá ni wọ́n fi ń ti ara wọn, wọ́n á dúró ná kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀, wọ́n á wá di ògiri mú títí dé balùwẹ̀.

Nígbà tí a wá rí dókítà tó mọ̀ nípa àgbàlagbà, irú nǹkan wọ̀nyí gan-an ló wò. Ó ní kí wọ́n fún irin kan mọ́wọ́ kó lè mọ bí agbára ọwọ́ wọn ṣe tó, ó ní kí wọ́n rìn lọ síbi tábìlì, ó ń fi aago wò ó. Àmì márùn-ún ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ara àgbàlagbà ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló tò ó jọ ní 2001: kéèyàn rù láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi kílò 4.5 láàárín ọdún kan; kó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá; kí ọwọ́ má lágbára; kí ìrìn falẹ̀; kó má fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú rẹ̀, ó ti débẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀kan tàbí méjì, ó ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ wá wò ó: ìbéèrè méjì tí wọ́n fi ń wádìí ti àárẹ̀ yẹn, inú ìwé ìbéèrè ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ti mú un. Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n pàápàá ò lè ya méjèèjì nípá.

Ìbànújẹ́ á gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn, á gba oorun lójú rẹ̀, á mú un jókòó sójú kan. Iṣan àgbàlagbà tí kò bá sì ṣiṣẹ́, kì í pẹ́ joro. Ẹsẹ̀ ò ní lágbára mọ́, ẹ̀rù ìṣubú á dé, wọn ò ní lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ẹni tí wọ́n á bá ṣàwàdà ò sí, ìbànújẹ́ á tún lé kenkà. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé ara ló kọ́kọ́ ṣá kí ọkàn tó tẹ̀lé e. Ti màmá mi, mi ò lè sọ èwo ló ṣíwájú. Wọ́n ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Bàbá kú, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa kí wọ́n máa sinmi, òun á máa fowó ránṣẹ́. Owó ń wọlé lóòótọ́. Ìsinmi yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ. (Bọ̀dá mi, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má bínú.)

Ẹni tó bá sì ní àìsàn òyìnbó ni, ẹ sọ fún un pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ bá àwọn àgbàlagbà 2,152 nílé wọn ní 2003 sí 2004, gbogbo wọn ti pé ọdún 65 ó kéré tán, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 7 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le bá jà láàárín ọdún kan tó ṣáájú. Bíi 26 ló ti ṣe rí láyé wọn.

Bí ẹ bá ń padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó gbogbo òògùn bàbá sínú ọ̀rá kan, tàgbo tàgbo, àti èyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì. Màmá mi ti ń lo Aldomet fún ẹ̀jẹ̀ ríru ọjọ́ ti pẹ́, òògùn yẹn sì wà lára àwọn tó lè mú èèyàn rẹ̀wẹ̀sì kó sì máa tòògbé. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ má dá òògùn kankan dúró fúnra yín o. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, táíróìdì, ojú. Kí wọ́n wo eyín pẹ̀lú! Bàbá tí kò lè rún ẹran mọ́ á kàn ní ebi ò pa òun ni.

Sertraline, òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ni wọ́n kọ fún màmá, ìwọ̀n kékeré. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ ọ́ nù. Wọ́n tún ń yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wò, torí irú òògùn yìí lè mú un wálẹ̀ lára àgbàlagbà. Bó bá jẹ́ amitriptyline, òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mìíràn, ni wọ́n fẹ́ kọ, ẹ bi wọ́n dáadáa: ó ń mú ẹnu gbẹ, ó lè dí ìgbẹ́ àti ìtọ̀, òòyì rẹ̀ sì ń gbé àgbàlagbà ṣubú. Valium tí wọ́n ń rà torí oorun náà ń gbé wọn ṣubú. Bó bá ti mọ́ bàbá lára, dókítà ni kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? A máa ń rò pé ògì láàárọ̀, ògì lálẹ́ ló dáa fún arúgbó. Kò tó rárá. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò bíi gíráàmù 60 sí 72 èròjà purotéènì lójúmọ́, ẹyin kan ò sì ju bíi 6 lọ. Mo ń po mílíìkì mọ́ ògì màmá, mo ń fi àkàrà tì í, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja lọ́sàn-án. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa ni kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Ti ara, àga ìdáná ni a lò. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, kí wọ́n tún jókòó. Níbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ń fà wọ́n. Ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2020 ní kí àgbàlagbà máa ṣe irú èyí tó ń fún iṣan lókun tó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ire, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó ṣiṣẹ́ jù, ṣọ́ọ̀bù ni. A tún un ṣí. Ọmọbìnrin kan ń bá wọn gbé ẹrù, wọ́n kàn ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo gbọ́ tí wọ́n ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ iye aṣọ, inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n sanra lọ. Ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, orúnkún ṣì ń dùn wọ́n. Ẹ wá ohun tí bàbá fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, kì báà ṣe ayò.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la. Àgbàlagbà máa ń ní kí Ọlọ́run mú àwọn lọ, a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ bi bàbá ní tààrà bóyá ó ti wá sí wọn lọ́kàn láti gba ẹ̀mí ara wọn. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa fi í sí wọn lọ́kàn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí wọ́n kọ oúnjẹ àti omi pátápátá, ilé ìwòsàn ni kíá, kí ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, kí ẹ sì palẹ̀ òògùn apakòkòrò mọ́ nílé.

Bí ẹ bá sún mọ́ Ìbàdàn, UCH ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó ti wà láti 2012, wọ́n ń wo ara, wọ́n ń wo ọkàn. Bó bá jẹ́ Árò ni wọ́n bá darí yín sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ayé dá yín dúró, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Ní ti ilé àdúrà, ẹ máa lọ, wọ́n á rí èèyàn níbẹ̀, ìyẹn náà dáa. Ààwẹ̀ ni mi ò fọwọ́ sí. Ẹni tó ń rù kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Bí wòlíì bá ta kú pé dandan ni, kí ẹ̀yin ọmọ gbà á fún wọn.