Má fi náílọ̀n wé ìbọn ẹ láti ẹnu dé ìdí

Àbúrò, òkun o. O ní o fẹ́ kí télọ̀ bá ẹ rán àpò náílọ̀n tó máa gba gbogbo ìbọn ẹ torí òjò oṣù keje tó ń ká ẹ mọ́ inú igbó, o ní kẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n dá sí i. Má rán an jàre. Apá Yàgbà níbí ni mo ti ń ṣọdẹ, òjò wa ò kéré láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, gbogbo ìbọn tí mo sì rí tó dípẹtà burúkú, inú àpò ló ti dípẹtà. Omi tó bà lé irin, atẹ́gùn á gbé e, àkísà á nù ún, àmọ́ èyí tó bá wọnú náílọ̀n ò rọ́nà jáde mọ́, oòrùn á yọ, àpò á gbóná, ìbọn á wá máa làágùn níbẹ̀ bí ẹni tó wọ kóòtù lọ́sàn-án gangan ní Kàbbà. Èyí tó ní fóòmù nínú tún burú jù, torí ó ń fa omi mu, kì í sì í tètè gbẹ.

Ẹnu ìbọn àti ibi tó ti ń ṣí, ibẹ̀ nìkan ni kó o bò. Tí omi tàbí ẹrẹ̀ bá dí bárẹ́ẹ̀lì tó o sì yìn ín, irin lè wú, ó lè bẹ́, ojú àti ìka èèyàn ló sì máa ń bá a lọ. Bàlúù táwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni mo máa ń fi dé ẹnu tèmi (àwọn kan ń lo nǹkan míì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, mi ò ní dárúkọ ẹ̀), mo sì máa ń yọ ọ́ kí n tó yìn. Tóò bá ní, kọ́ ọ léjìká kẹ́nu ẹ̀ wo ilẹ̀. Tó o bá yọ̀ ṣubú lórí àpáta tàbí tó o la odò kọjá, yọ ọta, ṣí i, wo inú bárẹ́ẹ̀lì kó o rí ìmọ́lẹ̀ lódì kejì kó o tó tún ki nǹkan kan sí i.

Ọta gan-an ni kó o máa ṣìkẹ́. Oníbébà àtijọ́ tómi bá ti kàn án á wú, kò ní wọlé mọ́, oníke sàn jù ú lọ. Àwọn tó ń fi ràífù yìnbọn sí àmì ní Bisley ní Ìlú Ọba, wọ́n ti ń ṣèdíje níbẹ̀ láti ọdún 1890, àmì ẹ̀ lè jìnnà tó 1000 yáàdì, wọ́n ń yìn ín nínú òjò o, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kómi kan ọta. Tí ìkarahun ọta bá gbẹ, tó bá yìn á fẹ̀ mọ́ ara bárẹ́ẹ̀lì, á dì í mú, àmọ́ tó bá tutù á yọ̀, gbogbo agbára yẹn á wá ta sẹ́yìn síbi tí wọ́n fi ń ti ìbọn pa, ìyẹn léwu, ọta sì lè lọ bà lókè ibi tí wọ́n fojú sùn.

Ṣakabùlà ní tiẹ̀, lẹ́yìn òjò niṣẹ́ ẹ̀ wà. Èérí tí ẹtù fi sílẹ̀ nínú irin ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, tó o bá sùn lé e lórí, wàá bá a ní pupa láàárọ̀. Rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, omi gbígbóná ni kó o fi fọ̀ ọ́, omi tó gbóná gan-an torí òun ló ń tètè gbẹ, lẹ́yìn náà kó o wá fi òróró pa á. Àwọn bàbá wa máa ń fi kọ́ àjà lókè ààrò, ooru ibẹ̀ dáa, àmọ́ àdó ẹtù ò gbọdọ̀ sún mọ́bẹ̀ rárá. Má sì yan ìbọn tútù síwájú iná, igi ìdí ẹ̀ á sán. Ìda oyin ni kó o fi ra igi náà kí òjò tó dé.

Tó bá jẹ́ náílọ̀n lo ti rà, fi wé ìwé láísẹ́ǹsì ẹ, ìyẹn ló nílò ẹ̀.

Oníbárẹ́ẹ̀lì kan ni tìẹ àbí méjì? Tó bá jẹ́ méjì, omi máa ń sá pamọ́ sáàárín wọn níbi tí àkísà ò lè dé, yọ ọta ẹ̀, gbé e nàró kẹ́nu ẹ̀ wà nílẹ̀ lórí àkísà títí dàárọ̀.