Tanke wo ni ilẹ̀ náà wà?

Àbúrò mi ní Jámánì, o ní wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ fún ọ ní Ìlọrin, "ní Tanke, lẹ́yìn Tipper Garage", o ń bèèrè bóyá kí o fowó ránṣẹ́. Dúró ná. Kọ́kọ́ bi wọ́n: Tanke wo?

Abúlé olóko lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀: Òkè-Odò, Akata, Bubu, Iledu. Yunifásítì Ìlọrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ọgbà ńlá rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àárín Tanke ni ọ̀nà gbà kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, oko ẹ̀gẹ́ wá di họ́sítẹ́ẹ̀lì. Títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bọ́ àdúgbò yẹn. Tí ASUU bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹlẹ́wà pàápàá á mọ̀ ọ́n lára.

Àmọ́ abúlé kò kú sábẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì o. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ṣì mọ ibi tí bàbá wọn dako dé. Èmi náà ti fara gbá a: mo ti san àsansílẹ̀ fún ẹbí kan kí bàbá àgbà kan tó yọ láti agbo ilé kejì. Kò bá mi jà. Ó kàn mú mi lọ sẹ́yìn sọ́kawéè ilé kan, ó na ọ̀pá sí pèrègún méjì tó hù síbẹ̀, ó ní, "Ààlà wa rèé. Lọ́wọ́ ta lo ti rà?" Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sáré owó mi, kò sì pé.

Nítorí náà, ìbátan rẹ ni kó lọ wo ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ́ńtì. Ti ẹ̀jẹ́ńtì, ẹnu dùn ju iyọ̀, Ìlọrin ṣáà ni! Olórí ẹbí tó ń ta ilẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí náà ló gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí ìwé. Kí ìbátan rẹ gba ìwé awọnlẹ̀, kó mú un lọ sí KW-GIS, ilé-iṣẹ́ ìjọba Kwara tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíì ti gba C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ti ìjọba, lórí rẹ̀. Tó bá máa fọwọ́ síwèé lórúkọ rẹ, kọ ìwé aṣojú, kí o sì jẹ́ kí ẹ́ḿbásì wa ní Berlin lù ú ní òǹtẹ̀.

Kó ya fọ́tò nọ́ńbà ara bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òpó kékeré tí awọnlẹ̀ rì sí igun ilẹ̀, ránṣẹ́ sí ọ, kí o fi wé ti inú ìwé. Tí wọ́n bá ní wọ́n ti wú bíkìn, jẹ́ kí owó rẹ ṣì wà ní báǹkì.